Ọbẹ̀ aáyù ṣàwáámà mi túká lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́ Ìdáná

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, n kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú ilé ara mi.

Ọmọ mi obìnrin lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Lẹ́bánónì, wọ́n fún un ní ṣàwáámà adìyẹ jẹ. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe adìyẹ yẹn gan-an ló gbé e lọ́kàn o, ọbẹ̀ aáyù inú rẹ̀ ni. Ó ní ó funfun báláú, ó fúyẹ́ bí òwú, ó sì nípọn débi pé bí èèyàn bá ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ṣíbí á dúró. Ó ní kò sí ẹyin níbẹ̀, kò sí mílíìkì, kò sí mayonéèsì. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní, "Aáyù àti òróró lásán? Kí ló wà nínú ìyẹn? Màá ṣe é fún ẹ ní Sátidé."

Sátidé mẹ́ta ti kọjá.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo da bí ọmọ aáyù mẹ́wàá sínú bílẹ́ńdà ńlá wa, mo da òróró ife kan lé e, mo tan iná sí i. Gbogbo aáyù fò lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike, abẹ wá ń yí lófìfo. Mo fi ṣíbí ro ó, mo tún tan án, títí ó fi sú mi. Òróró tí ègé aáyù ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ni mo rí.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí n kúkú lo òróró ólífì ògidì, nítorí òun ni gbogbo ayé ń yìn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ dì, inú mi ti ń dùn, àfi bó ṣe ṣàdédé dẹ̀ bí omi ọbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ó korò bí egbòogi.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Mo rọra ń da òróró díẹ̀díẹ̀, ó dì, ó funfun, mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí lẹ́mọ́ọ̀nù. Mo fún méjì, mo da omi rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí n tó pajú, ó ti ya: òróró lókè, omi aáyù nísàlẹ̀. Ọkọ mi wo inú ike, ó wo ojú mi, ó ní, "Kò burú, a ó máa fi dín ẹyin." A ṣì ń fi dín ẹyin báyìí.

Adìyẹ náà ò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Igẹ̀ adìyẹ ni mo gé wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi lẹ́mọ́ọ̀nù àti fínígà fún ọjọ́ méjì kí adùn lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Nígbà tí mo dà á sínú páànù, omi ló sun jáde, ẹran wá ń hó nínú omi ara rẹ̀. Ó funfun ràdàràdà, ó le lẹ́nu, síbẹ̀ òde rẹ̀ ń fọ́ bí ẹfun.

Ohun tí mo ní nílé: bílẹ́ńdà ńlá yẹn, ẹ̀rọ kékeré ọlọ́wọ́ tí wọ́n máa ń ki bọ inú ọbẹ̀, ófùnù, àti páànù onírin wúwo kan. N kò ní irin tó ń yí tí wọ́n fi ń sun ẹran ṣàwáámà, n kò sì fẹ́ ra á. Níbo ni mo ti ṣìnà?

---

Jẹun Kóo Sùn

Ẹ bu mayonéèsì sínú abọ́, ẹ rin aáyù sí i, ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, ẹ rò ó. Ìṣẹ́jú méjì. Ta ló fẹ́ bá aáyù jà?

---

Àdùkẹ́ Ìdáná

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìyẹn fún un. Ó fi ahọ́n kàn án, ó ní, "Mọ́mì, mayonéèsì nìyí." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni o.

---

Bàbá Onírin

Àdùkẹ́, ẹ má gbọ́ ti mayonéèsì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró nídìí irin ṣàwáámà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó jẹ́ ará Lẹ́bánónì, ọdún kan àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀, aáyù ni mo ń bó. Òórùn rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi títí mo fi fẹ́yàwó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Toum ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Orúkọ yẹn kò túmọ̀ sí nǹkan mìíràn ní èdè Lárúbáwá ju aáyù lọ. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: aáyù, iyọ̀, òróró, omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá fi ẹyin sí i, kí onítọ̀hún wá orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ̀yin ò ṣìnà lọ títí. Ẹ ti rí i tó dì lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n. Wàhálà yín ni pé ẹ ò tíì mọ ohun tó ń gbé òróró dúró níbẹ̀. Omi díẹ̀ wà nínú aáyù, nǹkan kan sì tún wà nínú rẹ̀ tó máa ń yí ẹ̀kán òróró kéékèèké ká, tí kì í jẹ́ kí wọ́n padà lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ fi wé obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi àlejò jókòó. Bí wọ́n bá ń wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni yóò rí àga. Bí ogójì bá rọ́ wọlé pọ̀, wọn á ti í ṣubú, wọn á sì dojú gbogbo nǹkan rú. Òróró ife kan lórí ọmọ aáyù mẹ́wàá, rírọ́ wọlé nìyẹn.

Ìwọ̀n tí mo ń lò nílé rèé: aáyù tí a ti bó, gíráàmù 100, iyọ̀, gíráàmù 6, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, òróró tí kò ní òórùn, mìlílítà 450, omi lẹ́mọ́ọ̀nù, mìlílítà 50, omi yìnyín ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má fojú díwọ̀n, ojú kì í mọ aáyù wọ̀n.

Ẹ fi bílẹ́ńdà ńlá yẹn sílẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún ogún èèyàn. Aáyù yín kéré sí i, kò lè débi tí abẹ ti lè rí i mú. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ yẹn ni kí ẹ mú, kí ẹ wá ike tó ga tí kò fẹ̀, èyí tí ẹnu ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán.

Ẹ la ọmọ aáyù kọ̀ọ̀kan sí méjì. Bí ẹ bá rí ewéko tútù tó ń hù ní àárín rẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́ dànù, òun ló ń mú ọbẹ̀ korò tó sì ń ta ni lọ́fun. Ó máa ń sú ni, mo mọ̀. Èmi a máa tan rédíò sí i.

Aáyù àti iyọ̀ nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀. Iyọ̀ yẹn kì í ṣe tìtorí adùn nìkan, òun ló ń fa omi jáde lára aáyù, tó sì ń bá abẹ rin ín. Ẹ dúró, ẹ fi ṣíbí fa ẹ̀gbẹ́ ike wálẹ̀, ẹ tún lọ̀ ọ́. Ẹ mú un sáàárín ìka méjì, ẹ fi ra á. Bí ẹ bá ṣì gbọ́ ègé kankan lábẹ́ ìka, kò tíì tó.

Òróró kàn wàyí. Ṣíbí ìjẹun méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni. Mo ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan o. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó máa sun wá tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́. Ẹ má wo ago, ohùn ẹ̀rọ ni kí ẹ máa gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa ta ṣàáṣàá bí ẹni ń lọ nǹkan olómi. Nígbà tí ọbẹ̀ bá di ara rẹ̀ mú, ohùn yẹn á rẹlẹ̀, á di hùúùhùú, ẹ ó sì rí i tí ojú ọbẹ̀ ń ká bí aṣọ yí ẹnu ẹ̀rọ po. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ẹ mí kanlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Bí òróró bá lọ sí ìdá mẹ́ta, ẹ da lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí kékeré kan. Òróró, lẹ́mọ́ọ̀nù, òróró, lẹ́mọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni títí méjèèjì á fi tán. Èyí tí ẹ dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn ló ba tiyín jẹ́, kì í ṣe lẹ́mọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. Láìsí omi inú rẹ̀, òróró tó pọ̀ tó yẹn ò ní ríbi jókòó.

Nǹkan kan tún kù tí àwọn èèyàn kì í sọ: ooru. Abẹ tó ń yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á mú nǹkan gbóná. Ọ̀gá mi máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ike láti ìgbà dé ìgbà bí ẹni ń yẹ ibà wò lára ọmọ. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, á pa ẹ̀rọ, á da omi yìnyín ṣíbí kan sí i, á lọ mu sìgá. Ẹ̀yin ẹ gbé òróró yín sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, sìgá ò pọn dandan.

Bó bá tún ya, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fi dín ẹyin. Ẹ kó o jáde, ẹ fọ ike, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ lọ ọmọ aáyù mẹ́rin tuntun pẹ̀lú iyọ̀ fún pọ́ńkán àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí kékeré kan, kí ẹ wá máa sun èyí tó yà yẹn sí i tín-ín-rín, bí ẹni pé òun ni òróró. Ó máa ń padà dì. Mo ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike lọ́wọ́ ìbínú ọ̀gá báyẹn kí ó tó rí i.

Ti adìyẹ, màá padà wá.

---

Tíṣà Kẹ́mísìrì

Bàbá ti sọ ọ́ tán, díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un.

Kíkorò yẹn, òróró ólífì ni. Èyí tó jẹ́ ògidì, tí a kò yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, ní àwọn èròjà kíkorò tirẹ̀ nínú. Bí èèyàn bá rọ ọ́ sórí oúnjẹ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n bí abẹ bá nà án fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á yọjú. Ẹ lo òróró sunflower tàbí kánólà.

Lórí títa ahọ́n: ọmọ aáyù tó wà lódindi kò ní ohun tó ń ta ni yẹn nínú. Ìgbà tí a bá gé e tàbí tí a bá lọ̀ ọ́ ni èròjà kan tó ń jẹ́ alliin máa ń pàdé ẹ̀ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń yí òmíràn padà, tó wà ní yàrá ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì di allicin. Omi kíkan máa ń fa ẹ̀ńsáìmù náà sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọmọ yín kò bá fẹ́ kó ta jù, ẹ da ṣíbí kékeré kan nínú lẹ́mọ́ọ̀nù yẹn sí aáyù nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ta dáadáa, ẹ jẹ́ kí lẹ́mọ́ọ̀nù pẹ́ kó tó wọlé. Bó bá sì ta jù, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, á rọlẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù tí mo fi ń kọ̀wé: ẹ má fi toum sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú. Aáyù nínú òróró jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kì í dé, ibẹ̀ sì ni kòkòrò tó ń fa májèlé botulism fẹ́ràn. Kò ní yí òórùn rẹ̀ padà, kò ní yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ ò ní mọ̀. Fíríìjì ni kó lọ tààrà. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní kí a da òróró tí a fi aáyù sí nílé nù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń tọ́jú toum fún oṣù kan nítorí lẹ́mọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Èmi ò sí lára wọn.

---

Bàbá Onírin

Tíṣà, lọ́dọ̀ tiwa, kò pé ọjọ́ kejì rí. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ, inú yìnyín ni ọ̀gá máa ń gbé abọ́ rẹ̀ sí, wọn kì í jẹ́ kí ó jókòó sílẹ̀.

Adìyẹ wá kàn. Ẹ wo bí irin yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Orúkọ ṣàwáámà náà gan-an, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Tọ́kì tó túmọ̀ sí yíyí ló ti wá. Ẹran tò lérí ara wọn, iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òde nìkan ni iná ń rí, òun ló ń pọ́n, òun la ń fá. Bí a bá ti fá a tán, ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kàn, iná á tún pọ́n òun náà. Ohun tí ẹ fẹ́ nílé ni ẹran tí inú rẹ̀ rọ̀, tí etí rẹ̀ gbẹ tó sì jóná díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni kí iná rí i. Gbogbo àṣírí ibẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fi igẹ̀ sílẹ̀. Itan ni kí ẹ rà, kí ẹ yọ eegun, kí ẹ yọ awọ. Ọ̀rá díẹ̀ wà lára itan, kì í tètè gbẹ. Fún kílò kan: iyọ̀ gíráàmù 15, yọ́gọ́ọ̀tì ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, òróró ṣíbí méjì, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí méjì péré, ọmọ aáyù mẹ́rin tí a gún. Èròjà olóòórùn: kúmìn, kòríáńdà àti páprikà, ṣíbí kékeré méjì-méjì, ata dúdú àti ata ilẹ̀ pupa, ṣíbí kékeré kan-kan, sínámọ́ọ̀nù àti allspice, ìdajì-ìdajì, kádámọ́ọ̀mù, ìdá mẹ́rin ṣíbí. Kànáfùrù, fún pọ́ńkán kan. Kànáfùrù ò gbọdọ̀ pọ̀, á mú gbogbo rẹ̀ dà bí oògùn eyín.

Mọ́jú ló tó. Ọjọ́ méjì nínú lẹ́mọ́ọ̀nù àti fínígà, kíkan náà ti se òde ẹran yín kí iná tó dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́ bí ẹfun.

---

Ìyá Ófùnù

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ní irin, àwa la ní ófùnù.

Àdùkẹ́, ẹ má gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ tó sè é. Òun ló ń fa omi yẹn. Ègé pọ̀, páànù há, omi tó ń jáde ò ríbi gbà lọ, ó wá di bíbọ̀. Odindi itan ni kí ẹ tẹ́ sórí páànù ófùnù, kí wọ́n má fara kanra, kí ẹ gbọn yọ́gọ́ọ̀tì tó pọ̀ kúrò lára wọn. Ófùnù ní 220°C, ìṣẹ́jú 25 sí 30. Bí ẹ bá ní tẹmómítà, 74°C láàárín ẹran ni ó ti jinná láìséwu, ṣùgbọ́n èmi máa ń jẹ́ kí itan dé 80 ó lé díẹ̀, ó máa ń rọ̀ sí i.

Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà náà ni kí ẹ wá gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Omi tó kù nínú páànù, ẹ má dà á nù o! Ẹ gbé páànù onírin yín kaná kó gbóná dáadáa, kí ẹ da ẹran tí ẹ gé sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ta ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. Bí etí rẹ̀ bá ti dúdú díẹ̀, ẹ bu ṣíbí méjì nínú omi ẹran yẹn lé e, á fà á mu lójú ẹsẹ̀. Ẹẹ̀kejì tí Bàbá ní kí iná rí i nìyẹn.

Àwọn kan máa ń gún un sórí igi méjì tí wọ́n fi alùbọ́sà sí ìdí rẹ̀ kó lè dúró gbọ́nrangandan nínú ófùnù. Ó dùn ún wò, ó sì dára fún fọ́tò. Tèmi wó lulẹ̀ nígbà tí mo ń yọ ọ́, ọ̀rá dà sí ìsàlẹ̀ ófùnù, èéfín kún ilé. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó mi.

---

Bàbá Onírin

Mo gbà fún Ìyá Ófùnù. Lórí dídì í: búrẹ́dì pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni o, kì í ṣe èyí tó nípọn. Toum ni kó kọ́kọ́ kan búrẹ́dì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ gbọọrọ. Adìyẹ tẹ̀ lé e, kùkúḿbà tí a rẹ sínú fínígà, ọ̀dùnkún díndín díẹ̀. Kíkan kùkúḿbà yẹn ṣe kókó, toum ti lọ́ràá jù láti dá wà. Ẹ má kó tòmátò kún un, omi rẹ̀ á ya búrẹ́dì. Ẹ ká a, kí ẹ fi ibi tí ó ti pàdé kọjú sísàlẹ̀ nínú páànù tí ẹ fi pọ́n ẹran, kí ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ títí á fi pọ́n.

Bó bá jẹ́ ẹran màlúù tàbí àgùntàn lẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ mìíràn, toum kọ́ o. Ọbẹ̀ tahini, tí wọ́n fi èso sẹ́sámì ṣe, ni wọ́n ń fi sí ìyẹn. Ẹnì kan bèèrè toum sí ẹran àgùntàn lọ́wọ́ ọ̀gá mi lọ́jọ́ kan, ó ṣe é fún un, ṣùgbọ́n kò wo ojú onítọ̀hún títí ó fi lọ.

---

Àdùkẹ́ Ìdáná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo wá jábọ̀.

Mo bó aáyù fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Bàbá, mo tan rédíò. Ewéko tútù wà nínú bí ìdajì wọn, mo sì yọ gbogbo rẹ̀. Mo fi òróró sínú fíríìjì, mo wá ike gígùn kan tí a fi ń tọ́jú sìpàgẹ́tì, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ sì wọ inú rẹ̀ géérégé. Iyọ̀ àti aáyù, mo fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ègé tó tán lábẹ́ ìka mi.

Apá mi ọ̀tún ń gbọ̀n nídìí òróró yẹn. Mo pe ọmọ mi pé kó wá bá mi sun ún, kí èmi di ẹ̀rọ mú. Ó ní òun á fi ṣíbí kékeré máa kán an, ó sì ń ka ẹ̀kán sókè bí ẹni ń ka owó. Bí ó ti dé bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohùn ẹ̀rọ yí padà. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. A wo ara wa, a ò sọ̀rọ̀ kí ó má baà gbọ́ kó yà.

Kò yà! Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Mo da lẹ́mọ́ọ̀nù bí ẹ ṣe ní kí n dà á. Ìdí ike lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo da omi yìnyín sí i. Nígbà tí a ṣe tán, ọmọ mi ki ṣíbí bọ̀ ọ́ láàárín, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣíbí dúró.

Adìyẹ náà, itan ni mo lò, mọ́jú péré, ófùnù, lẹ́yìn náà páànù. Nígbà tí mo da omi ẹran yẹn lé e, òórùn tó sọ jáde mú kí aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ yá ọ̀bẹ. Kò mú ọ̀bẹ lọ.

Àṣìṣe tó kù: iyọ̀ pọ̀ díẹ̀ nínú toum nítorí n kò gé orí ṣíbí, mo rò pé ìyàtọ̀ ò ní sí. Búrẹ́dì méjì ya nítorí tòmátò. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, mo ka ìkìlọ̀ yín, mo ṣì fi tòmátò sí i. Ẹ má bínú.

Toum tó kù wà nínú fíríìjì, mo kọ ọjọ́ sára rẹ̀ nítorí Tíṣà. Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi ṣí fíríìjì, ó yẹ gbogbo orí pẹpẹ wò, ó wá bèèrè pé èyí tí òun ń fi dín ẹyin dà, ṣé mo ti dà á nù ni.